Ṣúgà Lórí Kẹ̀kẹ́, Ṣúgà Nílé: Ọ̀rọ̀ Àsọyé fún Àwọn tó ń Gun Kẹ̀kẹ́ Ológeere ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ gun kẹ̀kẹ́ wá síbí láàárọ̀ yìí, ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ bá àwọn ọmọ yín wá, mo kí gbogbo yín kú ìkàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí n wá sọ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ẹ kọ̀wé sí mi pé àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere láàrin yín, àwọn tí ara wọn le tí wọ́n sì ń rìn jìnnà, gan-an ni nǹkan dídùn ń yọ lẹ́nu jù. Bí wọ́n bá ti délé tán, ọwọ́ wọn a lọ sí agolo ṣúgà, a lọ sí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, a lọ sí búrẹ́dì àti bísíkíìtì, wọn a sì tún máa wá nǹkan mìíràn títí wọn yóò fi sùn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ mi bóyá àìlèkó-ara-ẹni-níjàánu ló fà á. Ìdáhùn mi ni pé gbèsè ló pọ̀ jù nínú rẹ̀: lálẹ́ ni ara ń béèrè ohun tí a kò fún un lójú ọ̀nà lọ́sàn-án. Ohun tí mo bá wá síbí kò ju èyí lọ, pé kí ẹ gbé ṣúgà kúrò nílé lọ sórí kẹ̀kẹ́, kí ẹ sì wo bí ọkàn yín yóò ṣe fà sí i mọ nígbà tí ẹ bá délé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú ara fúnra rẹ̀. Gbogbo oúnjẹ afáralókun tí a bá jẹ, ìbáà ṣe ọkà, ẹ̀bà, ìrẹsì tàbí iyán, ni ara ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ títí yóò fi di gúlúkóòsì, ìyẹn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ yóò sì gbé e káàkiri. Èyí tí ara kò bá lò lójú ẹsẹ̀, a so ó pọ̀, a sì tọ́jú rẹ̀ sí ibi méjì, inú iṣan àti inú ẹ̀dọ̀. Glycogen ni àwọn onímọ̀ ń pe ohun tí ara tọ́jú yìí. Lára àgbàlagbà tó jẹun dáadáa, èyí tó wà nínú iṣan máa ń tó nǹkan bí 400 sí 500 gíráàmù, èyí tó wà nínú ẹ̀dọ̀ kò sì ju nǹkan bí 100 gíráàmù lọ. Gíráàmù kọ̀ọ̀kan ń fún ara ní kálórì 4, nítorí náà gbogbo rẹ̀ pọ̀ kò ju nǹkan bí 2,000 sí 2,400 kálórì lọ. Ti ọ̀rá kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù lọ nínú gbọ̀ngàn yìí ní ọ̀rá lára tó lè gbé e fún ọjọ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rá kì í yára di agbára, nítorí náà bí ẹsẹ̀ bá ṣe ń tẹ pẹ́dàlì kíkankíkan tó, bẹ́ẹ̀ ni ara ṣe ń fi ọ̀rá sílẹ̀ tó, tí ó ń fi ṣúgà ṣiṣẹ́.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí. Glycogen tó bá ti wọ inú iṣan kì í jáde sínú ẹ̀jẹ̀ mọ́. Iṣan náà nìkan ló wà fún. Ẹ̀dọ̀ ló lè tú ti inú rẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ kí ọpọlọ lè rí i lò, ọpọlọ àgbàlagbà sì máa ń lo nǹkan bí 120 gíráàmù gúlúkóòsì lójúmọ́, ìbáà gun kẹ̀kẹ́ tàbí kí ó jókòó sílé. Ẹ wá rò ó wò. Ohun tí ẹ̀dọ̀ ní kò tó nǹkan, ọpọlọ ń jẹ níbẹ̀, ẹsẹ̀ tún ń fà á láti ìsàlẹ̀. Nígbà tí èyí bá ń tán lọ ni ọwọ́ ń gbọ̀n, tí òógùn tútù ń bò wá, tí a ń kanra mọ́ ẹni tí kò ṣẹ̀ wá, tí ọkàn kò sì ro nǹkan mìíràn ju ohun dídùn lọ. Ọpọlọ ló ń ké sí wa nígbà náà, ó sì mọ ohun tó yára jù lọ láti gbà á.

Láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ìlọrin lé díẹ̀ ní 50 kìlómítà, ti Ọ̀yọ́ kò sì yàtọ̀ sí i púpọ̀. Ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìlọrin tó sì padà lọ́jọ́ kan náà ti rin ohun tó lé ní 100 kìlómítà. Bí ó bá ń rin 20 sí 25 kìlómítà ní wákàtí kan, wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún ni yóò fi tẹ pẹ́dàlì, ẹni tó wọn 70 kílò sì lè jó tó 500 kálórì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Mo mọ àwọn tó ń fi ife tíì kan àti omi lásán ṣe ìrìn yìí. Àwọn kan nínú wọn sọ pé ikùn tó wúwo kì í jẹ́ kí àwọn lè sáré. Àwọn mìíràn ní torí kí àwọn lè fọn díẹ̀ ni àwọn ṣe ń gun kẹ̀kẹ́, pé kí ni ìdí tí àwọn yóò fi tún máa jẹun lórí rẹ̀. Wọ́n padà dé Tákíè nílùú wa níbí lọ́sàn-án gangan nínú oòrùn, wọ́n mu ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò méjì tó tutù láìsinmi, wọ́n relé, wọ́n sùn. Láti ìgbà tí wọ́n bá ti jí ni ìyánhànhàn náà bẹ̀rẹ̀, gààrí pẹ̀lú ṣúgà tó pọ̀ ju gààrí lọ, lẹ́yìn náà búrẹ́dì pẹ̀lú tíì, lẹ́yìn náà ohunkóhun tó bá wà nínú ilé. Bí ìyàwó tàbí ìyá bá sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà kì í wọlé, nítorí pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ìwàásù lórí ìkóra-ẹni-níjàánu ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti pẹ́ jù fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ló yẹ kí a ti ràn án lọ́wọ́.

Kì í ṣe èmi ni mo dá ìmọ̀ yìí sílẹ̀, kì í sì í ṣe ti òní. Ní 1924, àwọn dókítà ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn tó sáré Marathon ìlú náà wò, wọ́n sì rí i pé àwọn tó dé òpin pẹ̀lú àárẹ̀ tó lágbára, tí ojú wọn ṣú tí ọkàn wọn sì dàrú, ni ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn lọ sílẹ̀ gan-an. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, àwọn dókítà náà ní kí àwọn asáré jẹ oúnjẹ afáralókun dáadáa ṣáájú, kí wọ́n sì máa jẹ súìtì lójú ọ̀nà, ara wọn sì le nígbà tí wọ́n dé òpin ju ti ọdún àkọ́kọ́ lọ.

Èyí tó kan kẹ̀kẹ́ ló wù mí jù láti sọ. Ní 1966, dókítà méjì ní Sweden, Jonas Bergström àti Eric Hultman, fi ara tiwọn ṣe àyẹ̀wò. Wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo tí a kàn mọ́lẹ̀, olúkúlùkù fi ẹsẹ̀ kan tẹ pẹ́dàlì, ó sì jẹ́ kí ẹsẹ̀ kejì sinmi, títí agbára fi tán nínú ẹsẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn èyí, wọ́n fi ọjọ́ mẹ́ta jẹ oúnjẹ afáralókun, wọ́n sì ń fi abẹ́rẹ́ mú bíńtín nínú iṣan itan méjèèjì láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹnu kan náà ni wọ́n fi jẹun, ẹ̀jẹ̀ kan náà ló ń gbé e lọ sí ẹsẹ̀ méjèèjì, síbẹ̀ glycogen tó wà nínú ẹsẹ̀ tó ṣiṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti èyí tó sinmi. Èyí jẹ́ kí a mọ̀ pé iṣan tó bá ti ṣiṣẹ́ tán ń fa ṣúgà mọ́ra fúnra rẹ̀, ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Nígbà tí ọkàn yín bá ń fà sí oúnjẹ lẹ́yìn ìrìn jíjìn, ẹ má ṣe bú ara yín. Iṣẹ́ gidi ni ara ń ṣe.

Ní 1986, olùwádìí Edward Coyle àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Texas gbé àwọn tó ti mọ kẹ̀kẹ́ í gùn dáadáa sórí kẹ̀kẹ́, wọ́n ní kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ lọ títí ó fi máa rẹ̀ wọ́n. Lọ́jọ́ tí wọ́n mu omi tí kò ní afáralókun nínú, nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta ni wọ́n lò. Lọ́jọ́ tí wọ́n mu èyí tó ní i nínú, wọ́n lo nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin. Wákàtí kan gbáko ni ohun tí wọ́n ń mu díẹ̀díẹ̀ fi kún agbára wọn.

Ìwádìí mìíràn tún wà tó yẹ kí ẹni tí nǹkan dídùn ń dà láàmú mọ̀. Ní 2004, àwọn olùwádìí ní Birmingham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ ní omi tí wọ́n po afáralókun tí kò fi bẹ́ẹ̀ ní adùn mọ́, wọ́n ní kí wọ́n fi yọnu lásán, kí wọ́n sì tu ú dànù. Wọn kò gbé e mì rárá, síbẹ̀ wọ́n fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún yára ju ìgbà tí wọ́n fi omi lásán yọnu lọ, nínú iṣẹ́ tó ń gbà tó wákàtí kan. Nígbà tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ibẹ̀ fi ẹ̀rọ wo ọpọlọ ní 2009, wọ́n rí i pé afáralókun tó kan ẹnu ń jí àwọn apá ọpọlọ tó jẹ mọ́ ìdùnnú àti èrè, ṣùgbọ́n adùn àtọwọ́dá tí kò ní kálórì kò jí wọn bákan náà. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹni tí ṣúgà ti tán lára rẹ̀ ní tòótọ́, tó wá ń fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò aláìníṣúgà tan ara rẹ̀ jẹ, ń fi àkókò ṣòfò. Ó lè dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ọpọlọ mọ̀ pé ohun tí òun béèrè kọ́ nìyẹn.

Báwo ni a ṣe máa ṣe é, nígbà náà? A ó bẹ̀rẹ̀ láti ìdájí. Àwọn baba wa ti fi oríkì sọ tiwọn: Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, níbi tí wọ́n gbé ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan. Iṣẹ́ oko ni wọ́n ń lọ ṣe, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì fi kẹ̀kẹ́ lọ ní ìgbà tí kẹ̀kẹ́ dé, wọ́n sì mọ̀ pé inú òfìfo kì í roko. Ẹni tó ní wákàtí mẹ́ta ṣáájú ìrìn lè jẹ ọkà láfún pẹ̀lú ọbẹ̀ tí epo rẹ̀ kò pọ̀, inú rẹ̀ yóò sì ti fúyẹ́ kó tó gun kẹ̀kẹ́. Ẹni tó máa gbéra ní aago mẹ́fà kò lè jí ní aago mẹ́ta torí ọkà, n kò sì ní gbà á nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Kí ó jẹun kánú lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ó sì mu ẹ̀kọ gbígbóná pẹ̀lú àkàrà díẹ̀ tàbí kí ó jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ méjì kó tó jáde. Ohun kan ni kí ẹ ṣọ́ra fún: àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá mu ohun dídùn gan-an ní bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan ṣáájú ìrìn, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn a tún já wálẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn náà gan-an, ara wọn a sì máa rọ. Bí ẹ bá rí i pé bẹ́ẹ̀ ni tiyín rí, ẹ dúró di ìgbà tí ẹ bá ti wà lórí kẹ̀kẹ́.

Orí kẹ̀kẹ́ gan-an ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Ìrìn tí kò tó wákàtí kan kò béèrè ju omi lọ, ẹ má ṣe gbé ṣúgà lọ́wọ́ nítorí àtilọ sí LAUTECH, yunifásítì ìlú wa, àti àtibọ̀. Bí ó bá ti lé ní wákàtí kan títí dé bíi méjì ààbọ̀, 30 sí 60 gíráàmù afáralókun ní wákàtí kọ̀ọ̀kan ni àwọn onímọ̀ nípa oúnjẹ eléré ìdárayá ń dámọ̀ràn. Ẹni tó bá kọjá ìyẹn, tó sì ti fi díẹ̀díẹ̀ kọ́ inú rẹ̀, lè lọ dé 90 gíráàmù. Ìdí rẹ̀ rèé: ọ̀nà tí gúlúkóòsì ń gbà kúrò nínú ìfun wọ ẹ̀jẹ̀ kò gba ju nǹkan bí 60 gíráàmù lọ ní wákàtí kan, ṣùgbọ́n fructose, ìyẹn ṣúgà tó wọ́pọ̀ nínú èso, ní ọ̀nà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ṣúgà funfun tí a ń rà lọ́jà, ìdajì rẹ̀ jẹ́ gúlúkóòsì, ìdajì rẹ̀ jẹ́ fructose, nítorí náà ọ̀nà méjèèjì ló ń gbà. Ẹ kò nílò ohun dídùn eléré ìdárayá inú ọ̀rá pẹlẹbẹ tó wá láti ìlú òyìnbó tí owó rẹ̀ ga ju agbára ọmọ iléèwé lọ.

Ẹ wo bí a ṣe ń pò ó. Ẹ tú omi inú ọ̀rá 50 sẹ̀ǹtílítà méjì sínú ike tó mọ́, ó di lítà kan. Ẹ bu ṣíbí ìmutíì ṣúgà 15 sí i, kí ó má kún ju etí ṣíbí lọ. Ṣíbí kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 4, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 60. Ẹ fi ìdámẹ́rin ṣíbí kan iyọ̀ sí i, torí òógùn, kí ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i bí ẹ bá fẹ́, kí ẹ sì gbọ̀n ọ́n dáadáa. Bí ẹ bá mu lítà yìí tán láàrin wákàtí kan sí méjì, ẹ ti wà nínú òṣùwọ̀n tí mo sọ. Ẹ̀yin ìyá yóò ti rí i pé ó jọ omi iyọ̀ àti ṣúgà tí a ń pò fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi ọ̀kan dípò èkejì: ti ọmọ, ṣíbí ìmutíì ṣúgà mẹ́fà pẹ̀lú ìdajì ṣíbí ìmutíì iyọ̀ ni fún lítà kan, ṣúgà tó bá sì ju bẹ́ẹ̀ lọ lè mú kí ìgbẹ́ náà le sí i.

Ẹni tí kò fẹ́ràn omi dídùn lè jẹun. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tó mọ níwọ̀n ní nǹkan bí 25 gíráàmù nínú, dàbínù kéékèèké márùn-ún kò sì jìnnà sí i. Búrẹ́dì náà dára, bí omi bá wà láti fi gbé e wálẹ̀. Èrò mi ni pé kí ẹ máa dúró jẹun ni. Ọ̀nà Ọ̀yọ́ àti ọ̀nà Ìlọrin kì í ṣe ibi tí a ti ń fi ọwọ́ kan di kẹ̀kẹ́ mú tí a ń fi èkejì wá dàbínù nínú àpò, nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní Ọ̀tẹ̀ lójú ọ̀nà Ìlọrin, ẹ jókòó sí abẹ́ igi, ẹ jẹ ẹ́ tán, kí ẹ tó máa lọ. Kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ ní kùtù, láàrin ìdajì wákàtí sí wákàtí kan tí ẹ gbéra. Ẹni tó bá dúró kí ebi tó pa òun ti pẹ́.

Àwọn kan yóò bi mí pé, ṣé ṣúgà lórí kẹ̀kẹ́ kò ní ba ara jẹ́ bíi ti ilé ni? Nígbà tí iṣan bá ń ṣiṣẹ́, ó ń fa gúlúkóòsì láti inú ẹ̀jẹ̀ láìdúró púpọ̀ de insulin, ìyẹn èròjà tó ń kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ara, ara náà sì ń dín insulin tó ń tú jáde kù nígbà náà. Ṣúgà tí ẹ mu níbẹ̀ ń lọ tààrà sínú iṣẹ́. Èyí tí ẹ bá mu níwájú tẹlifíṣọ̀n kò rí iṣẹ́ kankan ṣe, ara yóò sì tọ́jú rẹ̀ síbi tó bá rí. Eyín nìkan ni kò mọ ìyàtọ̀ láàrin méjèèjì. Nítorí náà, lẹ́yìn tí ẹ bá ti mu omi ṣúgà, ẹ fi omi lásán yọnu, kí ẹ sì gbé e mì.

Bí ẹ bá ti délé, ẹ jẹ oúnjẹ gidi láàrin wákàtí kan. Bí ẹ óò bá tún gun kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ kejì, ẹ fojú sun nǹkan bíi gíráàmù kan afáralókun fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ẹ wọ̀n, pẹ̀lú 20 sí 25 gíráàmù èròjà amúaradàgbà. Àwo ìrẹsì àti ẹ̀wà pẹ̀lú ẹja tàbí ẹyin ṣe é, ọkà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ẹran ṣe é, wàrà tí àwọn Fúlàní ń tà ní àyíká wa níbí náà sì dára púpọ̀. Amúaradàgbà yìí ló ń mú kí inú dúró. Ẹni tó bá fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò nìkan bọ́ ara rẹ̀ lẹ́yìn ìrìn, ebi yóò tún kàn án ní kánkán. N kò sọ pé ìgò kan lẹ́yìn 100 kìlómítà jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ó tẹ̀ lé oúnjẹ, kí ó má gba ipò rẹ̀.

Ọjọ́ ìsinmi ni ibi tí mo ti ń bẹ̀rù fún yín jù. Ìgò 50 sẹ̀ǹtílítà tó ní gíráàmù ṣúgà 10 tàbí 11 nínú mìlílítà 100, gẹ́gẹ́ bí ẹ óò ṣe rí i lára ọ̀pọ̀ ìgò bí ẹ bá kà á, ní 50 gíráàmù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú. Ní 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ṣúgà tí a fi kún oúnjẹ, pẹ̀lú ti inú oyin àti ti inú omi èso, má tó ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára tí a ń jẹ lójúmọ́. Lójú ẹni tó ń jẹ 2,000 kálórì, 50 gíráàmù nìyẹn, wọ́n sì ní bí ó bá lè wálẹ̀ sí 25, ó dára jù. Ìgò kan ṣoṣo ti gba gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ máa ń gbàgbé pé ọjọ́ Sátidé ni òun rìn jìnnà, kì í ṣe ọjọ́ Túsìdeè. Ara tí a kò jẹ ní gbèsè ní ọjọ́ Túsìdeè, tí ó sì ń béèrè ṣúgà ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, àṣà ló ń béèrè rẹ̀, àṣà sì ṣeé yí padà ní pẹ̀lẹ́. Ẹni tó ń fi ṣúgà mẹ́rin sí tíì, kí ó fi mẹ́ta sí i fún ọ̀sẹ̀ bíi méjì, kí ó tó dé méjì. Ahọ́n yóò gbà. Bí gààrí ni, ẹ̀pà tàbí kúlíkúlí ni kí ó pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ má ṣe kó bísíkíìtì páálí páálí sílé. Ìlú kajú ni ìlú yìí, ẹ jẹ́ kí kajú yíyan díẹ̀ àti ọsàn kan tàbí ìbẹ́pẹ wà níbi tí ọwọ́ yóò kọ́kọ́ dé.

Oorun náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀ ju bí a ṣe rò lọ. Ní 2004, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Chicago jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́kùnrin 12 sùn wákàtí mẹ́rin péré fún òru méjì. Èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń ru ebi sókè pọ̀ sí i, èyí tó ń sọ fún ọpọlọ pé a ti yó dín kù, ohun tí ọkàn wọn sì fà sí jù ni oúnjẹ dídùn, oníyọ̀ àti oníyẹ̀fun. Mo mọ̀ pé ariwo jẹnẹrétọ̀ àti ooru kì í jẹ́ ká sùn bó ṣe wù wá, ṣùgbọ́n ẹni tó máa jí ní aago márùn-ún láti gun kẹ̀kẹ́ kò gbọ́dọ̀ máa wo fóònù títí di aago kan òru.

Mo fẹ́ bá àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ wá fífọn sọ̀rọ̀, pàápàá ẹ̀yin ọmọbìnrin. Bí ìyánhànhàn náà bá ń bá yín lójoojúmọ́, tí otútù ń tètè mú yín, tí ọgbẹ́ kì í tètè jiná, tí ìrìn tó rọrùn tẹ́lẹ̀ ti di ìnira, tàbí tí nǹkan oṣù yín dúró tàbí ó ń fò, oúnjẹ yín kò tó iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe. Ìgbìmọ̀ Òlíḿpíìkì Àgbáyé pe àkíyèsí gbogbo ayé sí àìsàn yìí ní 2014, wọ́n sì jẹ́ kó yé wa pé ó ń mú ọkùnrin náà, ó sì ń ba egungun jẹ́. Ẹ má ṣe bá irú ìyánhànhàn bẹ́ẹ̀ jà. Ẹ jẹun, kí ẹ sì lọ rí dókítà. Bákan náà ni ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, tó ń gba abẹ́rẹ́ insulin tàbí tó ń lo oògùn rẹ̀, kò gbọdọ̀ gbé òṣùwọ̀n tí mo sọ níbí lò láìbá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀, nítorí pé kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ ń fa ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ láìdáwọ́dúró, tó ń tọ̀ lóru léraléra, tó sì ń fọn láìgbìyànjú, kí ó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí ó má ṣe rò pé kẹ̀kẹ́ ló fà á.

Ọ̀dọ́ kan bi mí ní ẹnu ọ̀nà, kí n tó wọlé, pé kí ni kí àwọn ṣe ní àkókò Ramadan, tí ẹnu kò gbọdọ̀ kan nǹkan láti àfẹ̀mọ́jú títí di ìrọ̀lẹ́. Ìbéèrè gidi ni. Ní oṣù yẹn, ẹ jẹ́ kí ìrìn kúrú, kí ó sì rọrùn, kí ó bọ́ sí wákàtí tó kẹ́yìn ṣáájú ìṣínu, kí oúnjẹ lè tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀ kan náà. Ìrìn Ìlọrin lè dúró de lẹ́yìn ọdún. Bí ó bá di àkókò ìṣínu, dàbínù mẹ́ta àti omi ni kí ẹ kọ́kọ́ fi kan ẹnu, kí ẹ kírun, kí ẹ sì jẹun gidi lẹ́yìn rẹ̀, kì í ṣe kí ẹ máa fi ohun mímu dídùn ṣe gbogbo rẹ̀. Ní sàárì, ẹ̀wà ni kí ó pọ̀ nínú àwo, nítorí pé kì í tètè dà. Bí ojú bá ń ṣú yín tàbí tí ọwọ́ ń gbọ̀n lórí kẹ̀kẹ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan náà, kí ẹ sì wá ẹni tí yóò gbé yín dé ilé.